Tòkunbọ̀ hybrid méjì níwájú yín: bátìrì èwo ló máa pẹ́, owó èwo ló máa dùn yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi pè mí láti ọjà ọkọ̀ ní Berger. Ọkọ̀ méjì ló rí, hybrid ni méjèèjì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò iná tí bátìrì ńlá ń gbé rìn. Ọ̀kan jẹ́ Honda Civic Hybrid ti 2008, èkejì jẹ́ Toyota Camry Hybrid ti 2012. Owó Civic kò ju ìdajì owó Camry lọ, ọkàn rẹ̀ sì ti fà sí Civic kó tó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i ni. Ara rẹ̀ ń dán, AC rẹ̀ ń tutù bíi yìnyín, wọ́n ní kì í mu epo rárá. Ṣé kí n sanwó?"

"Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?"

"Tuntun ni, sà. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi hàn mí."

Ẹ̀rín pa mí. Bátìrì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi hàn án ni ti kékeré, oní-fólítì 12, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ gbogbo, tí èèyàn lè rà lójú títì. Èyí tí mò ń béèrè wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó lè rí i láìtú àga.

Òun nìkan kọ́ ló ń pè mí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lọ sí nǹkan bí 600 láàárín oṣù méjì, tó tún kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tó fi di October 2024, ọ̀rọ̀ hybrid ti dé ẹnu gbogbo ẹni tó ń wá ọkọ̀. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún wọn: ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí bátìrì yẹn máa ná yín lọ́jọ́ tó bá kú, kí ẹ rò ó mọ́ owó ọkọ̀, kí ẹ tó wá sọ pé èyí pọ́ọ́kú, èyí wọ́n.

Kí ló wà lẹ́yìn àga?

Nínú Toyota Prius ti 2004 sí 2015, bí wọ́n bá ṣí ìdérí bátìrì, ẹ máa rí ike pẹlẹbẹ 28 tí wọ́n tò gbára wọn bíi búrẹ́dì tí wọ́n ti gé. Àwọn réwáyà wa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ẹ̀lì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kéékèèké mẹ́fà ló tún wà nínú ike kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 7.2, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ 201.6. Camry ti 2007 sí 2017 ní irú ike yìí 34, fólítì 244.8. Níkẹ́ẹ̀lì ló wà nínú wọn, kì í ṣe lítíọ̀mù bíi ti fóònù.

Nínú Toyota hybrid, kò sí kíkì, kò sí ọ́tánétọ̀. Bátìrì ńlá yìí ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Tó bá kú pátápátá, ọkọ̀ ò ní gbéra, ì báà jẹ́ pé táńkì kún fọ́fọ́. Civic ayé 2008 yẹn ní kíkì kékeré kan tó lè gbà á sílẹ̀, ìyẹn ni àwọn tó ń tà á fi máa ń sọ pé "kódà bí bátìrì bá kú, ó ń rìn." Ó ń rìn lóòótọ́, àmọ́ ẹ gùn ún lórí gegele kí ẹ wá sọ fún mi.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí bátìrì yó ju bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kì í sì í jẹ́ kí ebi pa á wálẹ̀ ju 40 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ ju ti fóònù tí a máa ń lò títí yóò fi kú sí wa lọ́wọ́.

Ó sì ń pẹ́ lóòótọ́. Ní 2011, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà dán Prius ti 2002 kan wò. Ó ti rin ohun tó ju 200,000 máìlì lọ, ìyẹn ju 320,000 kìlómítà, bátìrì àkọ́kọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Máìlì 40.4 ló rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní tuntun ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, 40.6 ni. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìtàn yẹn tàn yín. Ní Amẹ́ríkà, Toyota ń ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì fún ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì. Láti orí ọkọ̀ ti 2020, ó di ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì. Camry ti 2012 ti kúrò nínú wáráńtì yẹn ní 2020, kó tó rí èbúté Àpápá tàbí Kùtọ̀nú. Wáráńtì kì í bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́nàkọnà. Àwọn èèyàn wa tó ń fi Prius ṣe takisí ní London rí ṣe ju tiwa lọ: níbẹ̀, bí wọ́n bá ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò bátìrì lọ́dọọdún, Toyota lè máa fa ìgbọ̀wọ́ náà gùn títí ọkọ̀ yóò fi pé ọdún 15. Tiwa ni pé ọjọ́ tí a sanwó ni wáráńtì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ló sì parí.

Ohun tó ń pa á

Ooru ni. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ti ṣe mí rí.

Camry Hybrid 2007 ni mo kọ́kọ́ rà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní ìtòsí Ìbàfò, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi bí ẹni tí ń fẹ́ iná. Mo rò pé ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àmì onígun mẹ́ta pupa yọ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì ò sì kú mọ́ kódà nígbà tí mo dúró gbọn-in. Mo pa AC, mo ṣí wíńdò, mo ń ràkòrò délé.

Nígbà tí wọ́n tú àga ẹ̀yìn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, a rí ibi tí ohùn yẹn ti ń wá. Fáànù kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gba orí bátìrì kọjá. Eruku ti dì mọ́ abẹ rẹ̀ bí aṣọ òfì. Òwú ìdirun wà nínú rẹ̀, èèpo ẹ̀pà wà níbẹ̀. Fáànù ń pariwo, afẹ́fẹ́ kò kọjá. Lábẹ́ ìdérí, àwọn bàbà pẹlẹbẹ tó so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì ti dógùn-ún, àwọ̀ wọn ti di ti ewé tútù. Ọmọkùnrin yẹn fi mítà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: 7.8, 7.8, 7.7, 7.8, 6.1. Ó tún dé ibì kan: 6.3. Méjèèjì wà láàárín gbùngbùn, níbi tí ooru ti ń mú jù.

Bí mo bá ti ń nu fáànù yẹn lọ́dọọdún, bóyá ń bá ṣì máa gùn ún. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nínú Prius 2004 sí 2015, ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ náà ni àwọn èèyàn máa ń ti àpò ìrẹsì sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì ti lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ sí ọkọ̀

Nínú gbogbo wọn, Prius 2004 sí 2009 àti Camry 2007 sí 2017 ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe pé bátìrì wọn kì í kú. Ó ń kú. Ìdí rẹ̀ ni pé irú ike kan náà, oní-fólítì 7.2, ló wà nínú wọn. Ẹni tó bá tú Prius tó fọ́ lè fi ike rẹ̀ tún Camry ṣe. Nítorí náà ọjà wọn kún, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì pọ̀ díẹ̀ ní Ladipo àti ní Ìbàdàn. Camry kàn nílò ike mẹ́fà ju Prius lọ ni, kí ẹ fi sọ́kàn bí wọ́n bá ń ṣírò owó.

Prius 2010 sí 2015, bátìrì rẹ̀ dára bákan náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń jó nígbà tó bá dàgbà, omi á máa wọnú ẹ́ńjìnnì, á sì máa gbọ̀n rìrì láàárọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti pààrọ̀ bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan nítorí ìgbọ̀n yẹn. Láàárín Camry méjì, 2012 sókè ni mo fẹ́ jù. Ẹ́ńjìnnì ti 2007 sí 2011 máa ń jẹ ọ́ìlì bó bá ti gbó, ó sì ń rin máìlì 34 péré lórí gálọ́ọ̀nù nínú ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, nígbà tí ti 2012 ń rin 41.

Highlander Hybrid àti Lexus RX 400h jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn olówó. Fólítì 288 ni bátìrì wọn, abẹ́ àga ìlà kejì ló wà, ike tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Prius: oní-fólítì 9.6 ni, 30. Wọn ò pọ̀ lọ́jà, owó wọn sì ga. Ẹni tó bá fẹ́ jíìpù hybrid nítorí pé kò fẹ́ náwó epo, kó tún inú rò.

Wàyí o, Civic. Honda Civic Hybrid 2006 sí 2011 ni bátìrì rẹ̀ ti da àwọn oníbàárà láàmú jù nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Bátìrì kékeré ni, fólítì 158, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó kú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó pọjọ́ débi pé Honda ní láti fa wáráńtì gùn. Ní 2010, wọ́n yí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà kí bátìrì má baà ṣiṣẹ́ púpọ̀. Àwọn tó ní i bá tún pariwo pé ọkọ̀ ti ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn la máa fi owó wa rà? Ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn.

Ford Escape Hybrid ṣe takisí ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún, bátìrì rẹ̀ le bí òkúta, àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́n tún ṣe ní àdúgbò yín? Ìbéèrè kan náà ni mo ní fún Fusion Hybrid àti Sonata Hybrid, tí lítíọ̀mù wà nínú wọn (Fusion láti 2013, Sonata láti 2011). Wọn ò burú. Ibi tí ẹ máa gbé wọn lọ lọ́jọ́ ìṣòro ni kò sí. RAV4 Hybrid 2019 sí 2021 tó wá láti Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa: wáyà olómi ọsàn tó lọ sí mọ́tò ẹ̀yìn máa ń dógùn-ún nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín.

Bó bá kú, kí lẹ máa ṣe?

Bátìrì tuntun láti ọ̀dọ̀ Toyota ló dára jù, ó sì wọ́n jù. Ní Amẹ́ríkà, ti Prius tàbí Camry máa ń wà láàárín 2,000 sí 4,000 dọ́là pẹ̀lú owó iṣẹ́. Tiwa tún ní owó ọkọ̀ ojú omi, nítorí ohun tí à ń sọ yìí wúwo ju 40 kìlógíráàmù lọ. Tẹ́ ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ lè gbàgbé ọ̀rọ̀ bátìrì fún bí ọdún mẹ́wàá.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Belgium, ìyẹn bátìrì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó fọ́ lókè òkun, ni ọ̀pọ̀ ń rà. Kò burú bí ẹ bá mọ ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ bátìrì ọlọ́dún mẹ́tàlá kúrò, tí ẹ gbé ọlọ́dún méjìlá sí i, kí lẹ ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ yín, kí ẹ gùn ún nínú ooru pẹ̀lú AC, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí wọ́n sì kọ oṣù mẹ́ta sínú ìwé. Ẹni tó bá ní "ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mi, ọmọ Kristẹni ni mí" tàbí "alhaji ni mí", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Sẹ́ẹ̀lì tuntun láti Ṣáínà, tí wọ́n tò sínú ike bíi ti Toyota, wà láàárín méjèèjì lówó. Èyí tó dára wà, èyí tí kò dára wà, wọ́n sì jọra lójú. Lítíọ̀mù tí wọ́n ń fi rọ́pò níkẹ́ẹ̀lì náà ti wà lóde, ó fúyẹ́. Ó wù mí, àmọ́ n kò tíì ní fi sínú tèmi títí màá fi rí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí.

Pípààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì ló pọ́ọ́kú jù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Wọ́n fi méjì tó dára rọ́pò 6.1 àti 6.3 yẹn, iná pupa kú, mo jó dé Lékí. Oṣù kẹrin, ó tún tàn. Mẹ́ta mìíràn ti lọ. A pààrọ̀ wọn. Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, ó tún dé. Sẹ́ẹ̀lì tó kù kì í ṣe ọ̀dọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ dàgbà, ẹni tó kọ́kọ́ ṣubú kàn ṣíwájú ni. Kí owó mi tó tán, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná iye tó lè ra odindi Belgium tó dára. Réwáyà tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á tú gbogbo 34 sílẹ̀, á gba agbára sí wọn títí wọn á fi yó, á tún fà á gbẹ, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, á yọ àwọn tó rẹ̀ kúrò, á gbé àwọn tó wà láàárín lọ sí etí, á fi ọtí kíkan fọ àwọn bàbà tàbí kó pààrọ̀ wọn. Ọjọ́ mélòó kan ni ìyẹn ń gbà. Ẹni tó bá ní ẹ dúró, wákàtí kan ni, sẹ́ẹ̀lì méjì yẹn náà ló fẹ́ pààrọ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ yọ hybrid kúrò, kí ẹ sọ ọ́ di oní-epo lásán. Ẹ́ńjìnnì, gíà, kọ̀ǹpútà àti wáyà ni ẹ máa pààrọ̀. Ẹ kúkú ta á.

Nítorí ẹ̀mí: fólítì tó ju 200 lọ wà nínú ohun yìí, kì í ṣe iná tí èèyàn ń fọwọ́ tọ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wà fún iná, kó yọ púlọ́ọ̀gì olómi ọsàn tó ń gé iná rẹ̀, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kù lára wáyà lè lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ lásán ki screwdriver bọ̀ ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ yín.

Ìṣírò tí kì í parọ́

Ká sọ pé lítà epo jẹ́ 900 náírà, dọ́là kan jẹ́ 1,500. Bí iye wọn bá ti yí, ẹ fi tuntun sí i.

Ẹni tó ń fi Camry 2012 lọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé ìjọsìn, tó ń rin 20,000 kìlómítà lọ́dún: Camry lásán á mu nǹkan bí 1,680 lítà, hybrid á mu nǹkan bí 1,150. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 530 lítà, ìyẹn bí 477,000 náírà lọ́dún. Bátìrì tuntun ní 2,500 dọ́là jẹ́ 3,750,000 náírà láìtíì ka owó ọkọ̀ ojú omi. Á tó ọdún mẹ́jọ kí epo tó san owó bátìrì padà. Bátìrì àtúnṣe ní 1,200 dọ́là, kò ní pé ọdún mẹ́rin.

Ẹ wá wo ẹni tó ń fi Prius 2010 ṣe Uber, tó ń rin 60,000 kìlómítà lọ́dún. Tí a bá fi wé Corolla 2010, lítà tó lé ní 2,000 ló máa fi gbà là lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí 1,840,000 náírà. Ní nǹkan bí ọdún méjì, bátìrì tuntun ti san ara rẹ̀, láìtíì ka owó ọkọ̀ ojú omi. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, tí ẹ́ńjìnnì ń kú tó bá dúró, ó tún lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹni tó ń rin díẹ̀ kó má ra hybrid tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú, bó ti wù kí ọkọ̀ náà pọ́ọ́kú tó. Ẹni tó ń rin púpọ̀ lè rà á, kó ti fi owó bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú réwáyà tó ní scanner, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, dání, tàbí kí ẹ fi scanner kékeré oníbúlútúùtù àti áàpù Dr. Prius sórí fóònù yín. Kóòdù P0A80 túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ti ní kí ẹ pààrọ̀ bátìrì. Bí kò bá sí kóòdù, ẹ má tíì yọ̀: àwọn alájàpá máa ń nù ún kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Ẹ ní kí scanner fi hàn yín bóyá kọ̀ǹpútà ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì jẹ́ "not ready", a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni.

Lẹ́yìn náà ẹ gùn ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, AC ní títàn, ní ọ̀sán gangan. Ẹ máa wo ìlà bátìrì lórí ojú ọkọ̀. Bó bá ń yó lójijì, tó tún ń gbẹ lójijì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àyè inú rẹ̀ ti kéré. Ẹ wo iye fólítì àwọn sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà ìsáré mọ́lẹ̀: bí ọ̀kan bá ń já sílẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tó fólítì kan, ó ti ń lọ nìyẹn. Kí ẹ sì fetí sí ẹ̀yìn àga.

Àbúrò ìyàwó mi padà lọ pẹ̀lú scanner lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó ń ta Civic ní kò sẹ́ni tó máa ki nǹkan bọ ọkọ̀ òun. Camry kò ní kóòdù, àyẹ̀wò rẹ̀ ti parí, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń rìn pọ̀, àmọ́ fáànù rẹ̀ ń dún. Ó fi dídún yẹn ná ọkọ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀, ó sì rà á. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: fáànù náà lórí bébà ìròyìn, eruku rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti bébà súìtì kan tí wọ́n kọ èdè Sípéènì sí, tó ti wà níbẹ̀ láti Amẹ́ríkà.